Ẹ Má Sọ Ẹ̀rọ Náà Sábẹ́ Ibùsùn: Ẹ̀kọ́ lórí Títún CPAP Ṣe fún Ẹni tí Èémí Rẹ̀ ń Sé Lójú Oorun

ÌFÁÀRÀ

Àìsùn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Nínú yàrá họ́sítẹ́lì, kì í ṣòro kí a rí ẹnì kan tó jẹ́ pé bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, kò sí ẹlòmíràn tí yóò rí oorun sùn mọ́. Yóò hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, yóò dákẹ́ lójijì, yóò ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará yàrá ti sọ ọ́ ní “Jẹnẹrétọ̀”, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n híhanrun náà kọ́ ni kó bà wá lẹ́rù. Ìdákẹ́ tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó dákẹ́ yẹn, kò mí ni.

Nílé àwọn mìíràn nínú wa, bàbá tàbí ìyá ló ní àìsàn yìí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà ti ra ẹ̀rọ ránṣẹ́. Bàbá lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ó ń fún àwọn lọ́rùn, wọ́n sì sọ ọ́ sábẹ́ ibùsùn. Bí ọmọ tó wà ní ilé-ìwé gíga bá délé fún ìsinmi, òun ni wọn yóò pè: “Ìwọ tí o mọ̀wé, wá bá mi wo nǹkan yìí.” Ọmọ náà ni mo kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ibùsùn kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Bí wọ́n ṣe tò ó ni kò bá ẹni tó ń lò ó mu.

1. KÍ NI ÈÉMÍ SÍSÉ LÓJÚ OORUN?

Sleep apnea ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Nígbà tí a bá sùn, gbogbo iṣan ara ló ń dẹ̀, ti ọ̀nà ọ̀fun náà kò sì gbẹ́yìn. Lára àwọn kan, ọ̀nà ọ̀fun ti há tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí ọ̀rá tó yí ọrùn ká, bóyá nítorí bí egungun àgbọ̀n ṣe rí, bóyá nítorí ahọ́n tó tóbi. Ìdí nìyí tí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà fi lè ní in. Bí iṣan bá ti dẹ̀, ògiri ọ̀fun yóò lẹ̀ mọ́ra. Ẹ rántí bí a ṣe ń fa omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Bí a bá fà á le jù, ọ̀rá yóò lẹ̀ pọ̀, omi kò ní wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí. Àyà ń gbìyànjú, ikùn ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ kò wọlé.

Bí èémí bá sé fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, ọpọlọ yóò ta gìrì, yóò jí onítọ̀hún díẹ̀ kí ó lè mí. Bó bá di òwúrọ̀, kò ní rántí pé òun jí rárá.

Iye ìgbà tí èémí sé, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sé, láàárín wákàtí 1 ni wọ́n ń fi lẹ́tà AHI kọ. Fún àgbàlagbà, bí kò bá tó 5, kò sí wàhálà. Bó bá tó 5 ṣùgbọ́n tí kò tó 15, ó ti wà, kò tíì le. Láti 15 títí dé 30, ó wà ní agbedeméjì. Bó bá kọjá 30, ó ti le. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tí AHI rẹ̀ jẹ́ 30, tó sì sùn fún wákàtí 7, ìgbà 210 ni èémí rẹ̀ yóò sé lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìyẹn ló fà á tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí ó ń tòògbé nínú kíláàsì, tí inú ń tètè bí i, tí ìwé kò sì dúró lórí rẹ̀. Àìsàn yìí a máa bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, a máa bá àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ rìn pẹ̀lú. Bí ẹni náà bá sì ń wakọ̀, kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ló wà nínú ewu.

2. BÁWO NI ẸRỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ohun tó dájú jù tí àwọn dókítà lè ṣe fún ẹni tí tirẹ̀ le ni pé kí wọ́n dá ihò sí ọrùn rẹ̀ kí ó lè máa gba ibẹ̀ mí. Ní 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sydney, ní Ọsirélíà, tẹ ìròyìn jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet nípa aláìsàn 5 tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nímú lóru. Èémí wọn kò sé mọ́. Láti ìgbà náà ni CPAP ti di ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń lò fún àìsàn náà káàkiri ayé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti lóye. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà gígùn kan lọ sínú ìbòmú tí aláìsàn dè mọ́ ojú. Afẹ́fẹ́ yìí kì í bá ènìyàn mí. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń mí. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe ni pé ó ń ti ògiri ọ̀fun síta kó má baà lẹ̀ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe ń gbé táyà dúró.

Sẹ̀ntímítà omi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ 10, ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ yẹn lè gbé omi inú ọ̀pá sókè ní sẹ̀ntímítà 10. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè lọ láti 4 títí dé 20. Kí ẹ má ṣe rò pé 10 pọ̀: agbára afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká tó nǹkan bí 1,030 nínú ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀rọ yìí kàn ń fi ìdá kan nínú 100 kún un ni.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ń fẹ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo láti alẹ́ dówùúrọ̀. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Auto, ń wá ìwọ̀n fúnra rẹ̀ láàárín ààlà méjì, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Bó bá gbọ́ pé ọ̀fun fẹ́ há, yóò gbéra sókè. Bó bá rí i pé ó ti là, yóò rọra wálẹ̀.

3. KÍ A TÓ FỌWỌ́ KAN BỌ́TÌNNÌ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Òwe yìí bá ẹ̀rọ CPAP mu gidigidi. Ẹni tí ara kò tù máa ń rò pé afẹ́fẹ́ ni kò tó, yóò sì fẹ́ fi kún un. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe lóde òní máa ń fi nǹkan mẹ́ta yìí hàn lójú wọn láàárọ̀:

(a) Wákàtí tí wọ́n fi lò ó. Bí bàbá bá lò ó fún wákàtí 2 péré, tí wọ́n sì sùn fún wákàtí 5 láìlò ó, AHI tó wà lójú ẹ̀rọ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa wákàtí 5 yẹn.

(b) Jíjò. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú tàbí ẹnu sá lọ nìyí.

(d) AHI. Àfojúsùn ni pé kó má tó 5 nígbà tí ẹ̀rọ wà lójú.

Jíjò ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ìdí rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá ń jò púpọ̀, ẹ̀rọ kò ní lè ka èémí dáadáa mọ́. Bí a bá sì lọ fi agbára kún un, ńṣe ni yóò tún máa jò sí i, yóò sì máa fẹ́ sí ènìyàn lójú títí ojú yóò fi pọ́n. Ẹ jẹ́ kí bàbá dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sùn, kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ wá tún okùn ìbòmú dè nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ má dè é le jù, nítorí dídè le máa ń ká ìbòmú kò, yóò sì tún dá egbò sórí imú. Irùngbọ̀n púpọ̀ náà a máa fa jíjò. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni bàbá fi ń mí, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ lè bá wọn mu ju èyí tó bo imú nìkan lọ.

4. ÀWỌN OHUN TÍ A LÈ YÍ PADÀ

Ẹ jẹ́ ká pín wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tó jẹ́ ti ìrọ̀rùn, tí aláìsàn lè yí fúnra rẹ̀, àti èyí tó jẹ́ ti ìwòsàn, tí a kì í yí láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ti ìrọ̀rùn nìwọ̀nyí:

(i) Ìrọra-gòkè, tí wọ́n kọ Ramp sí lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bóyá fún ìṣẹ́jú 20 tàbí 45, kí oorun lè gbé ènìyàn lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí oorun bá máa ń gbé bàbá lọ láàárín ìṣẹ́jú 10, tí Ramp sì jẹ́ 45, ìṣẹ́jú 35 ni wọn yóò fi sùn láìsí ààbò tó péye. Ẹ dín in kù. Bí bàbá bá sì ní àwọn kò rí afẹ́fẹ́ mí tó ní ìbẹ̀rẹ̀, 4 tí Ramp ti bẹ̀rẹ̀ ló kéré jù. Ẹ gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 5 tàbí 6, wọn yóò mí kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé ẹ̀rọ ń fún òun lọ́rùn, ohun tó ń ṣe wọ́n nìyí: afẹ́fẹ́ tó kéré jù ni, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù.

(ii) Ìdẹ̀rùn mímí-síta. Àwọn ẹ̀rọ kan ń pè é ní EPR, àwọn mìíràn ń pè é ní Flex. Nígbà tí a bá ń mí síta, ẹ̀rọ yóò dẹwọ́ díẹ̀ kí èémí má baà kọlu afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Nínú EPR, 1, 2 tàbí 3 ni a lè yàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí agbára bá jẹ́ 10, tí EPR sì jẹ́ 3, 7 ni yóò kù nígbà mímí-síta. Fún àwọn kan, ìyẹn tó láti jẹ́ kí ọ̀fun tún pàdé. Bí AHI bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ yí i, ẹ dá a padà.

(iii) Omi àti ooru. Ike omi kan wà lára ẹ̀rọ tí ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù fún ọ̀fun. Bí ẹnu àti imú bá ń gbẹ, ẹ fi kún un. Bí omi bá ń dà gbọ́lọ́gbọ́lọ́ nínú rọ́bà, ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibi tó rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ kí omi lè ṣàn padà. Omi tí wọ́n ti sọ di oruku, tí wọ́n sì tún gbà padà, ìyẹn omi tí àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀ mọ̀ ní “distilled water”, ló dára jù, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kò sí ásíìdì nínú èyí tí ẹ rà. Ẹ máa da omi àná nù, kí ẹ sì fọ ike náà lójoojúmọ́.

Ti ìwòsàn ni agbára afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní ẹ̀rọ Auto bàbá kan ṣì wà ní 4 sí 20, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde. Jíjò kò pọ̀, wákàtí 6 ni wọ́n ń lò ó lóru, síbẹ̀ AHI jẹ́ 9. Ẹ̀rọ sì kọ ọ́ pé ìwọ̀n 95 nínú 100 jẹ́ 11. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú ìṣẹ́jú 100, agbára kò kọjá 11 nínú 95. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Láti 4 ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kó tó dé 9 tàbí 10 tí ọ̀fun nílò, èémí ti sé ná. Ó dà bí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ti lọ. Ní irú èyí, dókítà lè gbé ààlà ìsàlẹ̀ kúrò ní 4 lọ sí 7, kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó wo AHI, kó tún fi 1 kún un bó bá yẹ. Bí AHI bá wá sí 3, tí bàbá sì jí pẹ̀lú ara yíyá, iṣẹ́ ti parí. Ẹ má ṣe lé 0. Kò sí ẹni tó nílò rẹ̀.

Òfin mẹ́ta ló yẹ kí ẹ rí kọ́ nínú àpẹẹrẹ yìí. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí a yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un ní òru bíi mélòó kan, nítorí òru kan kò jọ èkejì: ọtí mímu, ọ̀fìnkìn àti fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lè gbé AHI sókè. Ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ọjọ́, ìwọ̀n, AHI, àti bí ara ṣe rí.

5. IBI TÍ ỌWỌ́ WA KÒ GBỌDỌ̀ DÉ

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí 10 bá dára, ṣé 15 kò ní dára jù ni? Rárá o. Oríṣi èémí sísé mìíràn wà tí kì í ṣe pé ọ̀fun dí. Ọ̀fun ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni kò ránṣẹ́ sí àyà pé kó mí. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ka oríṣi yìí lọ́tọ̀, wọ́n a kọ ọ́ sí Central tàbí Clear Airway. Agbára afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lè dá a sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé oríṣi yìí ló ń pọ̀ sí i, ẹni tó bá tún fi agbára kún un ń da epo sí iná ni. Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ bá dókítà.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ní 2015, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní SERVE-HF fi hàn pé ẹ̀rọ kan tó jọ CPAP, tí wọ́n ń pè ní ASV, mú kí ikú láti ọwọ́ àrùn ọkàn pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ọkàn wọn ti dẹ̀, tí èémí wọn sì ń sé láti ọpọlọ wá. Ohun tó sàn fún ẹnì kan lè pa ẹlòmíràn.

6. Ọ̀RỌ̀ TIWA: TÒKUNBỌ̀, INÁ ÀTI ỌYẸ́

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́, ohun méjì ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́, ìwọ̀n ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n ẹlòmíràn sùn; ó dà bí ẹni tó wọ awò ojú ẹlòmíràn. Èkejì, ní oṣù kẹfà 2021, ilé-iṣẹ́ Philips ké pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà, DreamStation àkọ́kọ́ wà lára wọn, nítorí pé fóòmù inú wọn lè máa rún, kí ènìyàn sì fà á símú. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ kí ẹ tó tan án.

Ní ti iná, ike omi àti rọ́bà tó ń móoru ló ń jẹ iná jù. Bí bátìrì ni ẹ fẹ́ lò, ẹ pa wọ́n, bátìrì yóò pẹ́ sí i. Bí iná bá lọ láàárín òru, ẹ má bẹ̀rù: ìbòmú tó bo imú àti ẹnu ní ihò kan tí ń ṣí fúnra rẹ̀ kí ènìyàn lè mí.

Àwa tí a wà ní òkè Ọya níbí mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún imú àti ètè. Ẹni tó ń lo CPAP yóò nílò omi nínú ike rẹ̀ ju ẹni tó wà ní Èkó lọ. Eruku ọyẹ́ a sì máa tètè dí asẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti dúdú.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀rọ yìí kì í wo àìsàn náà tán. Ọjọ́ tí a bá lò ó ló ń ṣiṣẹ́. Bí bàbá bá fọn, ìwọ̀n tí wọ́n nílò lè dín kù. Bí wọ́n bá sanra sí i, ó lè pọ̀ sí i. Títún un ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá sì mọ ẹnikẹ́ni tó ń dákẹ́ láàárín híhanrun, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò lè rí i. Ẹ ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò oorun lọ́dọ̀ dókítà. Àyẹ̀wò ló ṣáájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló ṣáájú àtúnṣe.

ÌDÁNRAWÒ

1. AHI ẹnì kan jẹ́ 18, ó sì sùn fún wákàtí 6. Ìgbà mélòó ni èémí rẹ̀ sé tàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ sé? Ṣé ó ti le ni tàbí ó wà ní agbedeméjì?
2. Kí nìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yanjú jíjò kí a tó fọwọ́ kan agbára afẹ́fẹ́?
3. Agbára jẹ́ 9, EPR jẹ́ 2. Mélòó ni yóò kù nígbà mímí-síta?
4. Ìyá kan ní afẹ́fẹ́ kò tó òun mí nígbà tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?
5. Ẹ̀rọ fi hàn pé Central ń pọ̀ sí i bí agbára ṣe ń gòkè. Kí ni kí ẹ má ṣe, kí sì ni kí ẹ ṣe?